Henrietta Lacks: Ìyá Tó Kú Lọ́dún 1951, Tí Ara Rẹ̀ Ṣì Ń Ṣiṣẹ́ Dòní

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó-orí lẹ ń retí lẹ́nu mi, torí òun ni mo fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n yọ kókó kékeré kan léjìká mi ní ilé ìwòsàn kan níbí. Kí wọ́n tó gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n kó ìwé jọ síwájú mi pé kí n fọwọ́ sí i. Èmi tí mi ò ní jẹ́ kí oníbàárà mi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láì kà á tán, mo fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀ láì wo ìlà kan. Ìgbà tí mo délé ni ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mú ẹ̀dà tí wọ́n fún mi, ó kà á, ó wá bi mí bóyá mo mọ̀ pé mo ti gbà kí wọ́n máa fi ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú ẹran ara tí wọ́n gé ṣe ìwádìí. Mo ní kò burú. Ó tún bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń jẹ́ Henrietta Lacks. Mo ní mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àmọ́ irọ́ ni mò ń pa, mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1920 ni wọ́n bí obìnrin náà ní ìlú Roanoke, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Loretta Pleasant ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Henrietta ni gbogbo ayé padà mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀ ọmọ kẹwàá. Bàbá ò lè dá tọ́ ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ló bá kó wọn lọ sí Clover, ní gúúsù Virginia níbẹ̀, ó pín wọn fún ẹbí. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, Tommy Lacks, ni Henrietta bọ́ sí. Ilé onígi tí wọ́n ń gbé, inú rẹ̀ ni àwọn ẹrú ń sùn sí láyé àtijọ́. Tábà ni wọ́n ń gbìn. Kó tó lọ sílé ìwé láàárọ̀, yóò ti fún wàrà màlúù, yóò ti bọ́ adìẹ. Ìwé mẹ́fà ló kà, ó di oko pátápátá.

Ọmọ-ọmọ mìíràn wà lọ́dọ̀ bàbá àgbà yìí, David, tí wọ́n ń pè ní Day. Yàrá kan náà làwọn méjèèjì jọ ń sùn. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Henrietta bí Lawrence lọ́dún 1935, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì bí Elsie lọ́dún 1939. Lọ́dọ̀ tiwa, èèwọ̀ ni kí ọmọ ẹbí fẹ́ ọmọ ẹbí, àmọ́ àwọn ṣe ìgbéyàwó wọn ní oṣù kẹrin ọdún 1941. Ogun ń jà lágbàáyé nígbà náà, iléeṣẹ́ irin Bethlehem Steel ní Sparrows Point, nítòsí Baltimore, ń wá òṣìṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣí kúrò lóko nìyẹn, tí wọ́n kó lọ sí Turner Station, àdúgbò àwọn èèyàn dúdú tó ń ṣiṣẹ́ irin.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé èèyàn tó lawọ́ ni, pé ẹni tó bá ti Clover dé tí ò níbi tí yóò sùn, ilé Henrietta ló ń lọ, yóò sì bá oúnjẹ níbẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ràn ijó, ó sì fẹ́ràn kó kun èékánná rẹ̀ ní pupa. Ọmọ márùn-ún ló bí. Elsie, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, ní wárápá, kò sì lè sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn aláìlera ọpọlọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún èèyàn dúdú ní Crownsville. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1955, ọmọ ọdún márùndínlógún.

Oṣù kọkànlá ọdún 1950 ló bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ń sọ fún àwọn ọmọ ẹbí rẹ̀ obìnrin tẹ́lẹ̀ pé òun ń mọ kókó kan nínú ara òun. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wá ń dà nígbà tí kò yẹ, ó ní kí ọkọ òun gbé òun lọ sí ọsibítù Johns Hopkins. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1951 nìyẹn. Hopkins wà lára ìwọ̀nba ilé ìwòsàn tó ń gba tálákà tó jẹ́ èèyàn dúdú, àmọ́ wọ́ọ̀dù tiwọn yàtọ̀, kódà ẹ̀rọ omi mímu tiwọn yàtọ̀. Dókítà Howard Jones yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí kókó náà lẹ́nu ilé ọmọ, ó gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ni.

Ó padà wá fún ìtọ́jú nínú oṣù kejì. Rédíọ̀mù ni wọ́n ń lò nígbà náà, wọ́n máa ń rán an mọ́ ibi tí jẹjẹrẹ wà. Nígbà tí wọ́n ti fi oògùn mú un sùn, tí dókítà kò tíì fi rédíọ̀mù sí i, ó gé ẹ̀já ẹran méjì kéékèèké, ọ̀kan lára jẹjẹrẹ, ọ̀kan lára ibi tó dára. Kò sẹ́ni tó bi Henrietta. Kí n má purọ́, kò sí òfin kan nígbà náà tó ní kí wọ́n bi í. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo aláìsàn nìyẹn.

Iyàrá àyẹ̀wò George Gey ni wọ́n gbé e lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Gey àti ìyàwó rẹ̀ Margaret ti ń gbìyànjú láti mú kí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn máa wà láàyè nínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹyọ tí ojú lásán ò lè rí, tó para pọ̀ di ara wa. Gbogbo èyí tí wọ́n ti kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń kú. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, Mary Kubicek, gé ẹran náà wẹ́wẹ́, ó kọ HeLa sára ìgò, ìyẹn lẹ́tà méjì láti ara orúkọ àkọ́kọ́ àti méjì láti ara orúkọ ẹbí. Kò retí nǹkan kan. Èyí tó wá láti ibi tó dára kú bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó wá lára jẹjẹrẹ ò kú. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 24, ó ti di ìlọ́po méjì, lọ́jọ́ kejì ó tún di ìlọ́po méjì. Àwa tí a mọ èlé lórí èlé mọ ibi tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń jáni sí. Gey bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá béèrè, kò gba kọ́bọ̀.

Obìnrin tó ni ín ń kú lọ ní tiẹ̀. Iná X-ray tí wọ́n ń ta sí i lójoojúmọ́ sọ awọ ikùn rẹ̀ di dúdú bí èédú. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ó ní òun ò lè padà sílé mọ́, wọ́n dá a dúró. Ìrora náà kọjá ohun tí oògùn lè ràn. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1951 ló jáde láyé, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Clover, wọ́n sin ín láìsí òkúta lórí sàréè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba I-85 lọ sí Alabama, bíi wákàtí méjì láti Atlanta lẹ ó dé Tuskegee. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ HeLa di iṣẹ́ ńlá. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń ba ọmọdé jẹ́ nílẹ̀ yìí, Jonas Salk ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì nílò sẹ́ẹ̀lì rẹpẹtẹ láti fi dán an wò bóyá ó ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ tó jẹ́ èèyàn dúdú, Russell Brown àti James Henderson, ló darí iléeṣẹ́ náà ní Tuskegee Institute láti ọdún 1953, ó sì tó ìgbà kan tí wọ́n ń ṣe nǹkan bíi 20,000 túùbù lọ́sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1955 ni wọ́n kéde pé àjẹsára Salk ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ní Tuskegee yìí kan náà, lásìkò yìí kan náà, ìjọba ń wo àwọn ọkùnrin dúdú tó ní àtọ̀sí oníkóókó níran láì tọ́jú wọn, láti 1932 títí di 1972. Ìlú kan ṣoṣo ni nǹkan méjèèjì yìí ti ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìtajà bẹ̀rẹ̀. Gey àti Hopkins fúnra wọn ò tà á, ó yẹ ká sọ ìyẹn fún wọn. Àmọ́ iléeṣẹ́ aládàáni kan, Microbiological Associates, rí i pé owó wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé HeLa lọ sí òfurufú, wọ́n dán oògùn jẹjẹrẹ wò lára rẹ̀. Lọ́dún 1955 Theodore Puck àti Philip Marcus mú ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ tó jọra délẹ̀délẹ̀. Orúkọ obìnrin yìí pàápàá, àwọn ìwé ìròyìn ń pè é ní Helen Lane. Ẹbí rẹ̀ ní Baltimore ò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tó tú àṣírí ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ jíìnì ni. Gbogbo wa tó wá láti Nàìjíríà la mọ AA, AS àti SS, kódà ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Jíìnì mìíràn wà tó ń jẹ́ G6PD. Bàbá kì í fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní tiẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọkùnrin ti ń gbà á. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ní, àwọn kan sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí ibà ẹ̀fọn, gẹ́gẹ́ bí AS ṣe pọ̀ nítorí ibà. Ẹ̀yà tó jẹ́ aláìlágbára ló fà á tí àwọn dókítà nílé fi ń kìlọ̀ fún ìyá ọmọ pé kó má kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ìkókó, kí ojú ọmọ má baà pọ́n yòò. Ẹ̀yà kan tún wà, A, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, àmọ́ lára àwọn tó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni wọ́n sábà ti ń rí i.

Lọ́dún 1966, Stanley Gartler dìde níwájú àwọn onímọ̀ tó ń sin sẹ́ẹ̀lì, ó ní òun yẹ oríṣi sẹ́ẹ̀lì 18 wò, àwọn tí wọ́n sọ pé ara èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ òyìnbó, àmọ́ ẹ̀yà A ni gbogbo wọn ní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé HeLa ti wọnú gbogbo ìgò náà, nípasẹ̀ ọwọ́, nípasẹ̀ eruku, ó jẹ àwọn tó bá níbẹ̀ tán, ó gba ilé. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti náwó lé lórí di ohun tí wọn ò lè fọkàn tán mọ́. Ẹ fojú inú wò ó: ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tí obìnrin náà ti wà nínú ilẹ̀ láìsí òkúta, jíìnì tó gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá ńlá rẹ̀ láti Áfíríkà ló wá jẹ́rìí pé òun ló wà níbẹ̀.

Kí wọ́n lè mọ HeLa yàtọ̀ dáadáa, wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọdún 1973 nìyẹn. Ọdún náà gan-an ni ìyàwó Lawrence pàdé ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ, tó gbọ́ orúkọ Lacks, tó sì sọ fún un pé àwọn ń lo sẹ́ẹ̀lì obìnrin kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà sáré délé, ó ń pariwo pé ìyá ọkọ òun, ara rẹ̀ kan wà láàyè níbì kan. Kò pẹ́ tí Hopkins fi pe Day lórí fóònù. Ìwé mẹ́rin ni Day kà. Ohun tó yé e ni pé ìyàwó òun wà láàyè nínú iyàrá kan, pé wọ́n fẹ́ yẹ àwọn ọmọ wò bóyá wọ́n ní jẹjẹrẹ tó pa ìyá wọn. Wọ́n na apá, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Deborah, ọmọbìnrin tó kù, ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ó ń pe ọsibítù lóòrèkóòrè kí wọ́n sọ èsì àyẹ̀wò fún òun. Kò sí èsì kankan, torí wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò fún jẹjẹrẹ rárá.

Ká ní ẹnì kan jókòó tì í ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ì bá ti sùn lóru. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kì í ṣe bíi SS tí bàbá àti ìyá pa pọ̀ fún ọmọ. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Lọ́dún 1983 àti 1984 ni Harald zur Hausen ní ilẹ̀ Jámánì rí HPV 16 àti HPV 18 lára jẹjẹrẹ yìí, ó sì bá HPV 18 nínú HeLa. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún 2008. Fáírọ́ọ̀sì náà ti já jíìnì tirẹ̀ sínú krómósómù kẹjọ, nítòsí jíìnì kan tó ń jẹ́ MYC tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa dàgbà, ó sì jí i sílẹ̀ gìrì. Ara ní aṣàyẹ̀wò ìwé tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní p53, tó máa ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bá ti bàjẹ́ dúró. Fáírọ́ọ̀sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ti bá ayẹ̀wé-owó-wò ṣiṣẹ́ rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iléeṣẹ́ tí ò bá sí i mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìparí krómósómù máa ń kúrú díẹ̀díẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín, bí orín tí a ń rin lójoojúmọ́, tó bá sì ti kúrú jù, ó parí. HeLa ní ohun tó ń tún orín náà ṣe kí ó má tán. Krómósómù 46 ni èmi àti ẹ̀yin ní. Ti HeLa wà láàárín 76 sí 80. Inú kókó yẹn nìkan ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kò dé inú ẹyin tó fi bí Deborah.

Láti ara ìmọ̀ yìí ni àjẹsára HPV ti jáde lọ́dún 2006. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò àti ẹ̀gbọ́n nílé, ẹ bi wọ́n bóyá ọmọ wọn ti gbà á, ẹ má dá WhatsApp lóhùn.

Àṣírí jíìnì yàtọ̀ sí àṣírí orúkọ. Lóṣù kẹta ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Heidelberg ka gbogbo jíìnì HeLa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n gbé e sí gbangba fún gbogbo ayé. Wọn ò rú òfin kankan. Àmọ́ jíìnì tó wà lára ìyá àgbà, ó ṣeé ṣe kó wà lára ọmọ-ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ Henrietta sì wà láyé. Wọ́n fapá jánú, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀, NIH, bá wọn ṣe àdéhùn: ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò kọ̀wé béèrè, ìgbìmọ̀ yóò jókòó, méjì nínú ẹbí Lacks yóò sì wà níbẹ̀. Owó kọ́ ni o.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 síwájú, nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ńlá HapMap láti mọ bí jíìnì ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra káàkiri ayé, 90 Yorùbá ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ọgbọ̀n ìdílé, ló fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà láàyè dòní ní Coriell Institute ní Camden, New Jersey, àwọn onímọ̀ ń rà á lọ sí gbogbo ayé. Jíìnì ọkùnrin Yorùbá kan tó wà nínú wọn wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n kà tán pátápátá, lọ́dún 2008. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn ará àdúgbò jọ, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n gba ìyọ̀ǹda, wọn ò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Lóṣù kẹwàá ọdún 2021, àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn tó jogún rẹ̀ pe Thermo Fisher Scientific lẹ́jọ́ ní Baltimore pé wọ́n ń tà á láì fún àwọn ní nǹkan kan. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé àwọn ti yanjú rẹ̀. Ká ní Henrietta wà láyé, ọjọ́ náà ni ì bá pé ọdún 103. Iye tó wọlé, wọn ò sọ fún aráyé. Ojú oníṣirò ni mo fi ń wò ó: mi ò gbà pé gbogbo èrè tó ti ara rẹ̀ jáde jẹ́ ti ẹbí, torí òógùn ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ìwé owó tí wọ́n kọ òfo sí níwájú orúkọ ẹni tó mú ọjà wá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ míì ò sì rí owó ìwòsàn san, mi ò ní fọwọ́ sí i.

Atlanta yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ́ ẹ sí lọ́nà tó jọjú. Dókítà Roland Pattillo, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa àìsàn obìnrin ní Morehouse School of Medicine ní West End, ti kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ George Gey rí. Lọ́dún 1996 ló dá ìpàdé ọdọọdún lórí ìlera obìnrin sílẹ̀ lórúkọ HeLa, ìjọba ìlú Atlanta sì kéde ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ Henrietta Lacks. Lọ́dún 2010, Pattillo kan náà ló ra òkúta tí wọ́n gbé sórí sàréè rẹ̀ ní Clover. Wọ́n gé e bí ìwé tó ṣí sílẹ̀. Deborah ò rí i. Ó ti kú lọ́dún 2009.

Ní tèmi, mo padà ka ìwé tí mo fọwọ́ sí. Ojú ewé keje ló wà, àpótí méjì, kí n gbà tàbí kí n kọ̀. Mo pe ọsibítù náà, wọ́n ní tí mo bá fẹ́ yọwọ́, kí n kàn kọ lẹ́tà. Ìyàwó mi ní kí n lọ ronú sí i. Mi ò tíì kọ lẹ́tà náà.